Igbá Òrí Mẹ́ta Lára Alùpùpù Baálẹ̀

Ǹjẹ́ ẹ tilẹ̀ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa mọ́ aláṣejù, tí wọ́n máa ń ní, "Alùpùpù ò ké pé ọyẹ́ ń mú òun, ta ló ní kí o fi òrí pa á lára?" Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, torí nígbà tí mo pa á fún ọ̀kan nínú yín níjẹta, ńṣe ló ń wò mí bọ̀ọ̀. Ẹ sún mọ́bí kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kó rọra rín in, torí ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe èèyàn burúkú. Inú rere ló ní. Inú rere ọ̀hún gan-an ló kó bá a.

Gbádégẹṣin ni orúkọ rẹ̀. Ìlú rẹ̀ ni Àgọ́-Emi, lápá òkè lọ́hùn-ún, níbi tí igi emi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí ti pọ̀ ju ilé lọ. Orúkọ yẹn ò sì ṣàdédé bọ́ sí i lọ́rùn. Ìdílé wọn ló ń tọ́jú ẹṣin Baálẹ̀ láti ayébáyé. Láníhún, baba rẹ̀, ló tọ́jú èyí tó kẹ́yìn. Ẹṣin náà darúgbó, ó kú, Baálẹ̀ ò sì ra òmíràn mọ́. Láti ọjọ́ náà, ilé tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé ẹmu fún níbi àpèjẹ wá di ilé tí wọ́n ń júwe pé, "Àwọn tí wọ́n máa ń tọ́jú ẹṣin nígbà kan." Gbogbo gbólóhùn yẹn ò dun Gbádégẹṣin tó "nígbà kan" tó wà nídìí rẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ọ, á wolẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀.

Lọ́dún kan, àwọn ọmọ Baálẹ̀ Oyèkàn tí wọ́n wà nígboro dáwó jọ, wọ́n ra alùpùpù pupa fòò kan ránṣẹ́ sí baba wọn. Baálẹ̀ yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ gbá ìjókòó rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó ní, "Èyí kì í ṣe nǹkan mìíràn, ẹṣin ni. Ẹ lọ bá mi pe ọmọ Láníhún wá."

Àwọn ìjòyè ní rárá. Wọ́n ní irin kì í ṣe ẹran, Ṣíttù mẹkáníìkì ló mọ èdè irin, òun ni kí Baálẹ̀ fún. Baálẹ̀ gbọ́ tiwọn, ó sì gbọ́ ti ara rẹ̀. Ó kọjú sí Gbádégẹṣin tó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ọjọ́ kẹsàn-án òní ni mò ń lọ ìpàdé lọ́dọ̀ Ọba ní Òkè-Àgbá. Ìwọ ni wàá gbé mi. Bí o bá gbé mi lọ, tí o gbé mi bọ̀, iṣẹ́ yìí ti padà sílé yín nìyẹn, ọmọ yín ni yóò máa jogún rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí Ṣíttù máa bá a lọ. Máa tọ́jú rẹ̀ bí baba rẹ ṣe tọ́jú ẹṣin mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Baálẹ̀ fi sọ̀rọ̀ lásán ni. Gbádégẹṣin ní tiẹ̀ gbé e lé orí bí ẹni gbé ẹrù, ó ń lọ sílé.

Òótọ́ ni pé ó mọ alùpùpù gùn. Ó ti gun ti ẹlòmíì rí nígbà tó wà nígboro. Àmọ́ kí èèyàn mọ nǹkan gùn yàtọ̀ sí kó mọ̀ ọ́n tọ́jú, àkókò náà sì burú, torí inú ọyẹ́ ni. Ẹ mọ ọyẹ́ ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún. Ètè ń bẹ́, gìgísẹ̀ ń là, eruku ń wọ inú ìkòkò tí a dé pa. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni Gbádégẹṣin ń fọ alùpùpù. Kò lo omi tútù o. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú àti kànhìnkànhìn, ó ń fọ̀ ọ́ bí ìyá àgbà ṣe ń wẹ ọmọ tuntun. Kó tó parí ìdí, eruku ti bà lé orí. Ó fọ ṣéènì títí gbogbo epo tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́ fi tán. Ó ní ìdọ̀tí ni.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ó fọ̀ ọ́ tán, ó sá a sóòrùn, ó wá rí i pé ara rẹ̀ há, ó ń funfun hẹ́hẹ́. Ọṣẹ tí kò ṣàn kúrò tán ló fà á, ẹnikẹ́ni tó bá ń fọ alùpùpù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tí Gbádégẹṣin fi wò ó, ojú ẹṣin ni. Ó rántí bí baba òun ṣe máa ń ṣe: bí ọyẹ́ bá ti dé, Láníhún á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹṣin, á fi òrí pa á lára láti etí dé pátákò, á wá fi aṣọ bò ó. Ẹṣin náà á máa dán, Baálẹ̀ á máa yangàn lórí rẹ̀. Gbádégẹṣin fọwọ́ kan alùpùpù náà níwájú. Ó tutù mini. Ó ní, "Ẹ wo nǹkan. Ọyẹ́ ti ń mú u látọjọ́ yìí, èmi ò mọ̀."

Ó wọ yàrá lọ, ó gbé gbogbo òrí tó wà nílé jáde, igbá mẹ́ta.

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, bá a níta, ó ti ki ọwọ́ bọ igbá kìíní. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀, ètè rẹ̀ ti là sí méjì.

"Bàbá Kọ́lápọ̀, kí lẹ fẹ́ fi òrí yẹn ṣe?"

"Alùpùpù Baálẹ̀ ni mo fẹ́ fi pa lára."

Àwẹ̀ró dúró, ó wo alùpùpù, ó wo ọkọ rẹ̀. "Òrí tí a máa lò títí òjò á fi dé ni o. Ọmọ yín ń bẹ ní ẹ̀yìnkùlé, itọ́ ló fi ń pa ẹsẹ̀."

"Ìyá Kọ́lápọ̀, iṣẹ́ ìdílé ni mò ń ṣe yìí. Bí mo bá ṣe é dáadáa, àwa náà la ó máa jẹ ẹ́."

"Ẹ ṣẹ́ ìwọ̀nba kù fún wa nígbà náà."

Ó ṣẹ́ èyí tó tó èékánná kan kù fún wọn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, bó ṣe ṣe é ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ojú tiẹ̀ tì í díẹ̀ bó ti ń fún un, àmọ́ ó gbójú kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi òrí pa iná iwájú lára, ó fi pa ọwọ́ méjèèjì tí wọ́n ń dì mú, ó fi pa sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde. Ìjókòó, ìpele mẹ́ta ni, torí ibẹ̀ ni ìdí Baálẹ̀ máa gbé. Ó dé ibi táyà, ó rí i pé ó ní àwọn ilà wẹ́wẹ́, ó ní, "Kò burú, ẹsẹ̀ ni ọyẹ́ máa ń kọ́kọ́ bá jà," ó fi òrí dí gbogbo ibẹ̀. Ó wá kan irin pẹlẹbẹ kan tó wà láàárín táyà, èyí tí bíréèkì máa ń gbá mú kí alùpùpù tó lè dúró. Kò sí ọ̀dà kankan lára irin náà, ó wà níhòòhò bí a ṣe bí i. Àánú rẹ̀ ṣe Gbádégẹṣin. Ó pa ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Bó ti parí, ó gbé aṣọ òfì tí baba rẹ̀ máa ń dà bo ẹṣin jáde láti inú àpótí, ó fi bò ó. Ó jókòó tì í, inú rẹ̀ ń dùn.

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la, Ṣíttù mẹkáníìkì yà síbẹ̀. Kò wá jà o, ọmọlúàbí ni Ṣíttù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní kí n bá yín yẹ bíréèkì ẹ̀ wò ni, ọ̀nà Òkè-Àgbá yẹn ò dáa."

Gbádégẹṣin dìde, ó dúró síwájú aṣọ òfì. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí Ṣíttù bá fọwọ́ kàn án pẹ́rẹ́, ìlú á ní Ṣíttù ló tún un ṣe. Ó ní, "Má ṣèyọnu, àbúrò. Mo ti tọ́jú ẹ̀ látòkè délẹ̀."

"Bíréèkì ńkọ́?"

"Bíréèkì gan-an ni mo tọ́jú jù."

Ṣíttù ní kò burú, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ ìpàdé mọ́. Òtútù òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bí èèyàn bá sọ̀rọ̀, èéfín á máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí òrí máa ń ṣe nínú òtútù: ó dì pa. Ó le gbagidi sára alùpùpù bí àbẹ́là, ó ń dán yinrin yinrin, tí èèyàn fi lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Baálẹ̀ Oyèkàn jáde nínú agbádá funfun báláú, ó wo alùpùpù, ó mi orí. "Ọmọ Láníhún," ó ní, "o gbìyànjú." Àwọn ìjòyè tó ní irin kì í ṣe ẹran wá dákẹ́. Gbádégẹṣin ò rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ọ̀nà Òkè-Àgbá, òkè ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èèyàn ò nílò bíréèkì lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, bó bá ti dẹwọ́, alùpùpù á dúró fúnra rẹ̀. Wọ́n ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀. Bí sàlẹ́ńsà ṣe gbóná, òrí tó wà lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó ń ta sánsán.

Baálẹ̀ fi imú fà á. "Ta ló ń dín àkàrà nínú igbó níbí?"

Gbádégẹṣin mọ ohun tó ń rùn. Ó ní, "Èmi náà ń gbóòórùn rẹ̀, Baba." Irọ́ kọ́ o, òun náà ń gbóòórùn rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọrùn rẹ̀ gbóná.

Wọ́n dé Òkè-Àgbá láyọ̀. Ọba fúnra rẹ̀ wo alùpùpù láti ojú fèrèsé, ó ní òun ò tíì rí èyí tó dán tó báyìí. Baálẹ̀ ìlú méjì wá bi Gbádégẹṣin léèrè irú ọ̀dà tó lò. Ó ní àṣírí ìdílé ni. Ó gbé alùpùpù sí gbangba ìta, níbi tí ojú gbogbo èèyàn á ti máa rí i, ó sì jókòó sí abẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń retí kí ìpàdé parí.

Ibi tó gbé e sí yẹn, ojú oòrùn ni.

Ọyẹ́ ní ìwà kan: òwúrọ̀ rẹ̀ á fẹ́ẹ̀ pa èèyàn, ọ̀sán rẹ̀ á máa yan èèyàn. Bí oòrùn ṣe kan àtàrí, Gbádégẹṣin rí i pé nǹkan ń kán tó, tó, tó, lábẹ́ alùpùpù. Ó súnmọ́ ọn. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń ṣàn. Ẹlòmíì ì bá ti bẹ̀rù. Gbádégẹṣin ní, "Á à, ó ti ń làágùn. Òtútù yẹn ti kúrò lára rẹ̀." Ó bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó fi nu ojú rẹ̀ fún un, ìyẹn ojú alùpùpù.

Ìpàdé tú. Ọba àti àwọn Baálẹ̀ ìlú mẹ́sàn-án jáde láti wá sin Baálẹ̀ Oyèkàn. Baálẹ̀ kó agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó gbẹ́sẹ̀ ọ̀tún kọjá, ó jókòó lápá òsì. Kí ó tó sọ pé ó dàbọ̀, ó ti yọ̀ kọjá sí apá ọ̀tún, ó sì wà nílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló burú. Wọ́n gbé e dìde, wọ́n gbé e lé e, ó tún gba ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹmẹ̀wà Ọba tó ní, "Baba, ẹ kúkú di ìbàdí rẹ̀ mú." Baálẹ̀ Oyèkàn, ẹni tí kì í bọ èèyàn lọ́wọ́ lásán, wá di ìbàdí Gbádégẹṣin mú bí ìyàwó tuntun, lójú Ọba. Gbádégẹṣin ń gbọ́ ìmí rẹ̀ létí. Ojú tì í débi pé kò lè dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wo iná iwájú.

Ẹ rántí pé òkè ni wọ́n gùn wá. Kí ni ọ̀nà àbọ̀ máa jẹ́? Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni.

Eruku ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lára alùpùpù tó mọ́ gbẹ, eruku á bà, á tún fò lọ. Lára èyí tó kún fún òrí, ó bà, kò lọ mọ́. Òrí ti ràn mọ́ agbádá Baálẹ̀, eruku sì ti bá a níbẹ̀, aṣọ funfun di pupa bí amọ̀. Ìgbà tí igi ẹ̀bá ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá jù ni Baálẹ̀ tó sọ̀rọ̀.

"Gbádégẹṣin, rọra."

"Mò ń rọra, Baba."

"Kò jọ ọ́."

"Èmi ni mò ń rọra, Baba. Alùpùpù ni kò rọra."

"Tẹ bíréèkì."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ láti orí òkè, Baba."

"Kí ló wá ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

Ọwọ́ tí Gbádégẹṣin fi di alùpùpù mú ń yọ̀, ó ń dì í padà, ó ń yọ̀. Kò gbàdúrà pé kí òun má kú o. Ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà lẹ́nu odi nígbà tí wọ́n bá dé.

Gbogbo Àgọ́-Emi ló wà lẹ́nu odi. Wọ́n ti gbọ́ pé Baálẹ̀ ń bọ̀ lórí ẹṣin tuntun, wọ́n jáde wá pàdé rẹ̀. Bí wọ́n ti rí i ní ọ̀ọ́kán, àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Wọn ò tíì kì í dé orúkọ baba rẹ̀ tó fi kọjá lára wọn fìrì.

Gbádégẹṣin ń pariwo, "Ẹ yà, ẹ yà."

Wọ́n ń juwọ́ sí i, wọ́n ń ní, "Ẹ káàbọ̀ o."

Ìgbà ìkórè òwú ni ọyẹ́ níbẹ̀ yẹn. Àwọn àgbẹ̀ ti da òwú wọn jọ sí iwájú ilé Baálẹ̀ kí àwọn tó ń rà á tó wá wọ̀n ọ́n, ó ga tó àjà ilé. Nínú gbogbo ohun tí alùpùpù ì bá kọlù, ògiri, igi, èèyàn, òkìtì òwú ló yàn. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹn. Wọ́n wọ inú rẹ̀ lọ ráúráú, òwú sì bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó jáde ni Gbádégẹṣin. Ẹni kejì, ẹnikẹ́ni ò lè sọ ẹni tó jẹ́. Òrí tó wà nísàlẹ̀, eruku tó wà láàárín, òwú ti wá lẹ̀ mọ́ ọn lókè, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àgùntàn ló jọ, àgùntàn tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Àwọn ìjòyè fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọn ò mọ ẹni tí àwọn máa dọ̀bálẹ̀ fún. Ìgbà tó wúkọ́ ni wọ́n tó mọ̀ pé Baálẹ̀ ni. Ọkùnrin mẹ́rin sáré lọ gbé e, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ti ní kí ẹ rọra rín in.

Ṣíttù fa alùpùpù jáde. Ó fi ìka kan irin bíréèkì, ó gbé ìka náà símú, ó tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni tí kò gba imú ara rẹ̀ gbọ́.

"Òrí rè é," ó ní. "Ta ló fi òrí pa alùpùpù?"

Gbádégẹṣin mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, wọ́n lè rò pé aráyé ló ṣe é. Irọ́ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó dùn ún sọ. Àmọ́ ó rí Àwẹ̀ró láàárín èrò, pẹ̀lú ètè rẹ̀ tó là, kò sì lè sọ ọ́.

Ó ní, "Èmi ni. Ọyẹ́ ló ń mú u."

Àgùntàn yẹn, ẹ forí jì mí, Baálẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ó yọ òwú kúrò lẹ́nu. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ó ní, "Gbádégẹṣin, alùpùpù ké ni? Ó ké sí ọ pé ọyẹ́ ń mú òun?"

Gbádégẹṣin ronú sí i, torí ìbéèrè Baálẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń dáhùn wàràwàrà. Ó ní, "Rárá, Baba. Kò ké."

Ìdáhùn yẹn ló tú ẹ̀rín ìlú sílẹ̀. Wọ́n rín in títí àwọn mìíràn fi jókòó sílẹ̀. Àwọn ìjòyè ń fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo ẹnu. Gbádégẹṣin dúró láàárín wọn, òwú ní irùngbọ̀n, ó ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì, ilẹ̀ sì ń wò ó. Kì í ṣe ẹ̀rín ló dùn ún jù. Ohun tó dùn ún ni pé gbogbo ìdílé Láníhún, láti ọdún yìí lọ, "nígbà kan" ni wọn yóò máa jẹ́ títí láé, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́ dànù.

Kò jẹun nígbà tó délé. Àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì, ó fi omi gbígbóná ṣí gbogbo òrí yẹn kúrò lára alùpùpù, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú ànkáṣíìfù, ó sì gba ilé Baálẹ̀ lọ. Kò gba ojú títì. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, síbẹ̀ ọmọdé mẹ́ta ti bi í léèrè bóyá alùpùpù sùn dáadáa.

Àwọn ìjòyè wà níbẹ̀, Ṣíttù náà wà níbẹ̀. Baálẹ̀ jókòó, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, òwú ṣì kù ní etí rẹ̀ kan. Gbádégẹṣin dọ̀bálẹ̀, kò gbé ojú sókè. Ó ti kọ́kọ́rọ́ náà síwájú.

"Baba, mo dá kọ́kọ́rọ́ yín padà. Mo ti ba orúkọ baba mi jẹ́, mo sì ba aṣọ yín jẹ́. Ẹ gbé e fún Ṣíttù."

Baálẹ̀ wo kọ́kọ́rọ́, kò mú un.

"Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?"

"Kò sẹ́ni, Baba."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́?"

"Kò sẹ́ni, Baba."

"Mo ké ni?"

Gbádégẹṣin gbé orí sókè díẹ̀. "Ẹ ò ké, Baba."

Baálẹ̀ yíjú sí àwọn ìjòyè. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ń gbọ́. Alùpùpù ò ké pé ọyẹ́ ń mú òun, ó fi òrí pa á lára. Èmi ò ké pé mo fẹ́ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e wá fún mi. Gbádégẹṣin, ta ló tilẹ̀ ń rán ọ níṣẹ́?"

Baálẹ̀ fi ẹsẹ̀ ti kọ́kọ́rọ́ náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ohun tí mo wí ni pé kí o gbé mi lọ, kí o sì gbé mi bọ̀. O gbé mi lọ. O gbé mi bọ̀, kódà iwájú ilé mi ni o já mi sí. Mi ò sọ bí mo ṣe fẹ́ rí nígbà tí mo bá dé, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Mú kọ́kọ́rọ́ rẹ. Kí Ṣíttù tún bíréèkì ṣe lónìí, torí lọ́túnla Ọba tún ń retí mi, ìwọ náà ni wàá gbé mi."

Gbádégẹṣin mú kọ́kọ́rọ́. Ẹ ó rò pé inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ dùn, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ó rántí Òkè-Àgbá, ó rántí Ọba lójú fèrèsé àti àwọn Baálẹ̀ tí wọ́n máa bi í léèrè ọ̀dà ìdílé, òógùn bò ó nínú òtútù. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ì bá ti lọ fara pamọ́ sóko. Wọn ò gbà á. Ó ní láti máa gun ìtìjú rẹ̀ kiri lójoojúmọ́, pẹ̀lú Baálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdílé wọn ló ń gbé Baálẹ̀ Àgọ́-Emi dòní. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní "nígbà kan" mọ́. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè wọ́n: "Àwọn tí wọ́n fi òrí pa alùpùpù lára." Nítorí náà, ìwọ tí o ń wò mí bọ̀ọ̀ níjẹta, tí o lọ bá tọkọtaya kan parí ìjà tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wá jùmọ̀ lù ọ́, má bínú sí mi pé mo pa á fún ọ. Bí àwọn àgbà ṣe wí i náà ni: alùpùpù ò ké pé ọyẹ́ ń mú òun; ta ló ní kí o fi òrí pa á lára?